Èéfín Tí A Wọ̀n Láti Torino Dé Padova

Ọjọ́ Ajé, 12 oṣù Kìíní. Torino

Gabriele ló ní kí n ra ìwé yìí. Ó ti fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n dán ọkọ̀ wò, kò sì tíì rí kọ̀ǹpútà tó fọkàn tán. "Nọ́ńbà tí ẹ̀rọ bá rí, ẹ̀rọ á kọ ọ́," ló wí. "Ìwọ, kọ èyí tí ojú rẹ rí." Gabriele kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, nítorí náà mo yà sí tabaccheria, ìsọ̀ kékeré ìdí ilé wa, mo rà á.

Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ lónìí. Ọkọ̀ mẹ́ta, irú èyí tó ní ẹ́ńjìnnì bẹntiróòlù tó tún ní bátìrì tí èèyàn lè kì ní iná. Ìwé tí wọ́n fi ń tà wọ́n ní lítà 1.4 ni wọ́n ń mu ní ọgọ́rùn-ún kìlómítà. Èmi àti Gabriele ni a ó wà wọ́n nínú òtútù, láti Torino sí Novara, sí Bergamo, títí dé Padova, pẹ̀lú àpótí tó ń wọn èéfín tí a dè mọ́ ìdí wọn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ. Ní 12 oṣù Kẹta, èmi ni màá dúró ní Padova níwájú ẹgbẹ́ àwọn tó ń ṣe ẹ̀yà ara ọkọ̀ àti àwọn sindacato, ìyẹn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, láti sọ ohun tí a bá.

Brussels, ibi tí wọ́n ti ń ṣòfin fún ilẹ̀ Yúróòpù, ń rò ó bóyá kí wọ́n dẹ òfin tó fi ìwọ̀n sí èéfín ọkọ̀ tuntun. Ẹgbẹ́ àwọn tó ń ṣe ẹ̀yà ara ọkọ̀ yìí fẹ́ kí wọ́n dẹ̀ ẹ́ gan-an, kí wọ́n máa ka irú ọkọ̀ mẹ́ta yìí mọ́ èyí tí kò mu epo rárá. Àwọn náà ló gbé ìwádìí yìí fún wa.

Contratto mi, ìwé àdéhùn iṣẹ́ mi, máa parí ní 31 oṣù Kẹta. Chiara, ọ̀gá wa, kò dá a sọ. Èmi náà ò bi í.

Ọjọ́rú, 14 oṣù Kìíní. Novara

Òtútù dé −3. Kùrukùru débi pé iná ẹ̀yìn ọkọ̀ akẹ́rù tó wà níwájú mi nìkan ni mo ń tọ̀. Níbi tí a dúró mu kọfí, ìyá àgbà kan wo ìdí ọkọ̀ wa títí, ó bi wá bóyá gáàsì ìdáná la fi ń wà á. Gabriele ní, "Rárá o, signora. Èémí rẹ̀ là ń gbà sílẹ̀."

Bẹntiróòlù ti wọ́n díẹ̀ ju ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá lọ.

Ọjọ́ Ẹtì, 16 oṣù Kìíní

6.1. Mo tún un kà. 6.1 lítà náà ni.

Ọjọ́ Àìkú, 18 oṣù Kìíní. Torino

Adélékè wà lẹ́nu iṣẹ́ ní ọsibítù láti àárọ̀. Ọkọ mi kì í ráyè sinmi ní Àìkú ní oṣù òtútù. Èmi àti Mọ́yọ̀ọ̀lá, ọmọ wa, la jọ se ìrẹsì. Mo ń ṣàlàyé fún un, bí mo ṣe máa ń ṣe, pé nínú òtútù, ẹ́ńjìnnì ń ta jí kí inú ọkọ̀ lè móoru, àti pé ọ̀pọ̀ èèyàn ò tilẹ̀ rántí kì bátìrì ní iná. Ọmọ ọdún mẹ́jọ gbé ṣíbí sílẹ̀.

"Mamma, ma allora la macchina dice le bugie?"

Mo ní, "Ọkọ̀ kì í purọ́. Ìwé ẹ̀ ló ń purọ́."

"E chi l'ha scritto?"

Ta ló kọ ọ́. Mo ní kó jẹun.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 20 oṣù Kìíní. Bergamo

Ilé Alhaji Hùsèínì ni mo sùn sí. Ará Ìwó ni wọ́n bíi bàbá mi. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé bí akẹ́kọ̀ọ́, tí mi ò ní ibi tí màá gbé, àwọn àti Alhaja Àwáù, ìyàwó wọn, ló gbà mí sílé fún oṣù mẹ́rin. Ọdún mọ́kàndínlógún rèé tí Alhaji ti ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ kan tó ń tẹ páìpù èéfín ọkọ̀.

Mi ò tíì kó ẹrù sílẹ̀ tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́yìn ọkọ̀. "Bọ́ládé, mo mọ sàléńsà yìí o. Wo bí wọ́n ṣe jó o pọ̀. Ọ̀dọ̀ wa ló ti jáde." Wọ́n ń fọwọ́ pa á bí ẹni ń pa orí ọmọ.

Lẹ́yìn oúnjẹ ni wọ́n bi mí pé kí ni àpótí náà ń wá. Mo sọ ọ́ bó ṣe wà.

"Bí ìwé yín bá ní ọkọ̀ yìí ń mu epo ju bí wọ́n ṣe wí, Brussels ò ní dẹ òfin mọ́, àbí?"

"Ó lè rí bẹ́ẹ̀, sà."

"Láti oṣù Kẹsàn-án, ní Ọjọ́bọ̀ àti Ẹtì, cassa integrazione ni. Ẹ̀rọ dákẹ́, a jókòó sílé, ìjọba ń san díẹ̀ nínú owó iṣẹ́ wa. Ogóje èèyàn. Padrone wa, ọ̀gá tó ni ilé iṣẹ́, ní bí wọ́n bá dẹ òfin, páìpù á tún rí ọdún mẹ́wàá sí i." Wọ́n wo ojú mi. "Nítorí náà, ìwọ tí mo fi ọwọ́ ara mi mú lọ gba permesso, ìwé ìgbélùú, ìwọ lo fẹ́ kọ ìwé tó máa lé mi kúrò níbi iṣẹ́?"

Alhaja ní, "Ẹ jẹ́ kí ọmọ gbé oúnjẹ mì."

Ọjọ́bọ̀, 22 oṣù Kìíní. Bergamo, Padova, Bergamo

Àárọ̀ yìí ni mo ní kí Alhaji bá wa lọ, wọn ò kúkú ń lọ síbi iṣẹ́. Gabriele ní gbogbo ohun tó bá wọ ọkọ̀ gbọ́dọ̀ wọ ìwé, ló bá gbé ìwọ̀n jáde. Alhaji bọ́ bàtà, wọ́n gun orí ẹ̀, wọ́n ń rẹ́rìn-ín: kílò mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún. "Kọ ọ́ sílẹ̀ pé aṣọ òtútù ló wúwo."

Bátìrì kún nígbà tí a gbéra. A ò tíì dé Brescia tó fi tán. Alhaji wà lẹ́yìn pẹ̀lú kọ̀ǹpútà lórí itan, wọ́n ń ka nọ́ńbà sókè bí ó ṣe ń gòkè. Nígbà tó kan 7, wọ́n pa kọ̀ǹpútà dé.

Nígbà tí a ń padà bọ̀, wọ́n ní, "Ẹni tó ra ọkọ̀ yìí, wọ́n ní ewúrẹ́ tí kì í jẹun ni wọ́n tà fún un. Ó délé tán, ó rí i pé màlúù ni."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Òótọ́ ni. Òótọ́ korò, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹnu ta ló máa korò, Bọ́ládé? Kì í ṣe ẹnu ẹni tó kọ ìwé irọ́ yẹn. Ẹnu tèmi ni."

Mo wa ọkọ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 3 oṣù Kejì. Torino

Chiara pè mí sí ọ́fíìsì, ó ti ilẹ̀kùn. Ẹgbẹ́ náà ti rí iṣẹ́ wa dé ibi tó dé. Wọ́n fẹ́ kí tábìlì nọ́ńbà ìrìn inú òtútù kúrò nínú ìwé, kó di àfikún tí a lè fún ẹni tó bá bèèrè.

"Ta ló máa bèèrè ohun tí kò mọ̀ pé ó wà?" ni mo wí.

Chiara kì í ṣe èèyàn burúkú. Ó fi ọwọ́ bo ojú fúngbà díẹ̀. "Bọ́ládé, siamo undici persone." Èèyàn mọ́kànlá ló ń jẹun níbí. Ó ní bí ẹgbẹ́ bá tún gbé iṣẹ́ wá, ọ̀rọ̀ contratto mi á rọrùn. Bí wọn ò bá gbé e wá, òun ò lè ṣèlérí ohunkóhun.

Mo ní kó fún mi di Ajé.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 7 oṣù Kejì

Bí mo bá fẹ́ jà fún tábìlì náà, ó gbọ́dọ̀ dá mi lójú pé ó mọ́. Mo ń tún gbogbo rẹ̀ wò láti ìbẹ̀rẹ̀, ìrìn kan tẹ̀lé òmíràn. Adélékè mú Mọ́yọ̀ọ̀lá lọ sí ọgbà etí odò Po.

Ọjọ́ Àìkú, 8 oṣù Kejì

Kò mọ́. Èmi ni mo bà á jẹ́.

Àpótí gbọ́dọ̀ gbóná fún ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta kí a tó tẹ̀ ẹ́ sí òdo. Ní ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, nínú òtútù yẹn, ogún ìṣẹ́jú péré ni mo fún un. Mo ń sáré. Orúkọ mi ló wà lábẹ́ rẹ̀, kì í ṣe ti Gabriele. Gbogbo ìrìn ìgbà yẹn ló ga ju bó ṣe yẹ lọ. Ìrìn mẹ́fà. 6.1 tí mo ń gbé kiri bí ẹ̀rí wà lára wọn.

Kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, mo sì gbọ́ ara mi tí ń sọ ọ́ sókè: kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Ohùn yẹn dẹ́rù bà mí ju àṣìṣe náà lọ.

Ọjọ́ Ajé, 9 oṣù Kejì

Mo kọ́kọ́ sọ fún Gabriele. Ó mu kọfí rẹ̀ tán. Ó fọ ife. Ó ní, "Allora si rifà." A ó tún un ṣe nìyẹn.

Lẹ́yìn náà mo wọlé tọ Chiara. Mo ní mo ṣàṣìṣe, a ó tún ìrìn mẹ́fà rìn, àtijọ́ àti tuntun ló sì máa wọ ìwé, pẹ̀lú tábìlì òtútù. Ó kọ́kọ́ bínú. Nígbà tó yá ó ní, "O mọ̀ pé èyí ni wọn ì bá fi sin wá ní Padova?" Kò sọ bẹ́ẹ̀ ni, kò sọ bẹ́ẹ̀ kọ́. Àmọ́ ó fún wa ní kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, 13 oṣù Kejì

Oòrùn. 11. Èèyàn ń jẹ yìnyín dídùn ní piazza, gbàgede ìlú. Ọdún mọ́kànlá tí mo ti ń ṣépè fún òtútù ìlú yìí, òní ni mo kọ́kọ́ gbàdúrà pé kó dé. A ò lè tún ìrìn òtútù rìn nínú oòrùn.

Ọjọ́ Ajé, 16 oṣù Kejì

12. Ẹ̀yin ará ọ̀run, ẹ jọ̀ọ́.

Ọjọ́bọ̀, 19 oṣù Kejì. Novara

−2! Gabriele pè mí ní aago márùn-ún ìdájí, ọ̀rọ̀ kan péré ló sọ: "Gelo." Omi ti dì. Mo fò dìde. A jẹ́ kí àpótí gbóná fún odidi wákàtí kan, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lé ní ti òfin. Ojú ọ̀nà kún nítorí eré ìdíje orí yìnyín tí gbogbo ayé wá wò, àmọ́ a rin ìrìn méjì.

Alhaji fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́. Ààwẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní àwọn ń fi mí sínú àdúà. Láti ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ láàárín wa nìyẹn.

Ọjọ́ Àìkú, 22 oṣù Kejì

Ìrìn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà parí. 5.2, 5.4, 5.3, 5.3, 5.1, 5.5. Ó fi nǹkan bíi ìdá mẹ́jọ nínú mẹ́wàá lítà kan dín sí tàtijọ́, tàbí jù bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀ ó fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po mẹ́rin ohun tí ìwé wí. Èyí mọ́. Mo sùn ní ọ̀sán bí ọmọ ọwọ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 24 oṣù Kejì. Bergamo

Mo dé bí oòrùn ṣe ń wọ̀. A jọ ṣínu: dàbínù, ẹ̀kọ gbígbóná, àkàrà tí Alhaja dín. Kò sẹ́ni tó dárúkọ òfin títí Alhaji fi kírun tán.

Wọ́n ní, "Mo ti ń ronú láti ọjọ́ tí mo ti gun ìwọ̀n yín. Màá fi nǹkan hàn ọ́." Wọ́n gbé fóònù wá. Àwòrán ẹ̀rọ ńlá kan ni, tí wọ́n fi tapólì bò. "Padrone ra èyí ní ọdún méjì sẹ́yìn. Ó ń ṣe àwo tó ń mú bátìrì tutù. Wọ́n mú un dé, Brussels ní àwọn fẹ́ tún òfin wò. Ó ní ká dúró. Wọ́n fi òfin sílẹ̀, ó ní ká múra. Wọ́n tún mì í, ó tún ní ká dúró. Kì í ṣe òfin ló ń pa wá, Bọ́ládé. Òfin líle, a lè gbé e. Èyí tó ń yí bí afẹ́fẹ́ lèèyàn ò mọ bó ṣe máa kọ́lé dojú kọ."

Mo ní, "Sà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá sọ ọ́ ní Padova."

"Èmi? Níwájú àwọn onítáì? Ìtálì tèmi, ti ìdí ẹ̀rọ ni."

Alhaja Àwáù ń kó abọ́. Wọn ò tilẹ̀ gbójú sókè. "Ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ náà ni wọ́n ń sọ níbẹ̀. Ṣé Ìtálì ti ilé ìdáná lẹ fẹ́ fi sọ ọ́ ni?"

Alhaji rẹ́rìn-ín, àmọ́ wọn ò dá mi lóhùn.

Ọjọ́rú, 4 oṣù Kẹta. Torino

Chiara ka gbogbo ìwé náà, ojú ewé mẹ́rìnlélọ́gọ́ta. Ó kọ sórí ojú ewé àkọ́kọ́: "Tutto dentro." Kí gbogbo ẹ̀ wọ̀ ọ́. Gabriele ti lọ bá a láàárọ̀ pé òun ò ní fọwọ́ sí èyí tí tábìlì òtútù bá ti kúrò. Kò sọ fún mi. Ẹnu Chiara ni mo ti gbọ́.

Nípa contratto, kò sẹ́ni tó sọ nǹkan kan.

Ọjọ́bọ̀, 12 oṣù Kẹta. Padova

Òjò láti Verona. Àwọn èèyàn tó igba nínú gbọ̀ngàn. Èmi nìkan ni obìnrin dúdú, mo sì ti kà wọ́n lẹ́ẹ̀mejì kí n tó sọ fún ara mi pé ó tó gẹ́ẹ́.

Nígbà tí wọ́n pe orúkọ mi, tí wọ́n pè é bí ó ṣe wù wọ́n, mo gòkè. Àṣìṣe mi ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Mo ní ìrìn mẹ́fà wà tí mo bà jẹ́, bí mo ṣe bà wọ́n jẹ́ rèé, bí a ṣe tún wọn rìn rèé. Mo ń gbọ́ bí àga ṣe ń dún. Lẹ́yìn náà ni mo fi tábìlì hàn. 1.4 lórí ìwé. 5.3 lójú títì.

Ọkùnrin kan láti inú ẹgbẹ́ dìde. Ó ní, "Dottoressa, ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún wa pé nọ́ńbà yín àkọ́kọ́ kò tọ́. Kí ló dé tí a ó fi gba èkejì gbọ́?"

Mo ṣí ẹnu. Kí n tó sọ̀rọ̀, Gabriele ti dìde lẹ́yìn. Ó gbé kọ́kọ́rọ́ sókè. "Ọkọ̀ wà níta. Àpótí ti gbóná. Ẹni tí kò bá gbà á gbọ́, kó lọ wà á."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Àmọ́ obìnrin kan kò rẹ́rìn-ín, Sofia, ẹnjiníà ẹgbẹ́ náà fúnra rẹ̀. Ó ní kí á kọ́kọ́ kì bátìrì ní iná fún wákàtí kan, kó má bàa sí èrú. A ṣe bẹ́ẹ̀. Òun àti Gabriele wà á dé Vicenza nínú òjò, wọ́n padà wá nígbà tí a ti jẹun ọ̀sán tán. Aṣọ rẹ̀ tutù. Ó gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ó ní, "Quattro virgola nove." 4.9. Ó jókòó. Ọkùnrin yẹn ò bèèrè ohunkóhun mọ́.

Ìgbà yẹn ni mo rí ọwọ́ tó nà sókè níwájú ilẹ̀kùn. Fìlà funfun. Mi ò tiẹ̀ mọ̀ pé wọ́n ti dé.

Alhaji Hùsèínì kò lọ síwájú. Ibi tí wọ́n dúró sí ni wọ́n ti sọ̀rọ̀, láti òwúrọ̀ láì fi omi kan ẹnu, ní Ìtálì ìdí ẹ̀rọ. Wọ́n sọ orúkọ wọn, wọ́n sọ iye ọdún tí wọ́n ti ń tẹ páìpù. Wọ́n ní sàléńsà tó wà lábẹ́ ọkọ̀ ìta yẹn, ọwọ́ àwọn ló ti jáde, ó sì dára. "Ṣùgbọ́n mo wà nínú ọkọ̀ yẹn. Ojú mi ni bátìrì rẹ̀ ṣe tán kí a tó dé Brescia. Òótọ́ lọmọbìnrin yìí sọ." Wọ́n gbé fóònù sókè pẹ̀lú àwòrán ẹ̀rọ tó wà lábẹ́ tapólì, bí ẹni pé ẹni tó wà ní ìjókòó ogún lè rí i. "Ẹ máa bá òfin yín jà bó ṣe wù yín. Àmọ́ ẹ bá wa sọ fún wọn: ẹ dá a sí ibì kan, ẹ jẹ́ kó dúró. Kí ẹ sì kọ́ wa ní iṣẹ́ tuntun. Mo jẹ́ ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta. Orí mi ṣì ń gba ẹ̀kọ́."

Àwọn sindacato ló kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́. Lẹ́yìn náà, àwọn tó jókòó níwájú náà.

Níta, lábẹ́ òjò, mo kúnlẹ̀ kí wọn. Wọ́n fà mí dìde. "Má fi aṣọ òyìnbó kúnlẹ̀ sínú omi. Ṣé mo ṣi Ìtálì sọ?"

"Ẹ ṣì í sọ díẹ̀, sà."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀."

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 14 oṣù Kẹta

Mo sùn.

Ọjọ́ Ẹtì, 20 oṣù Kẹta

Ìtúnu ààwẹ̀. Mo pe Bergamo, mo kí wọn kú ọdún. Alhaja ní àwọn ará ibi iṣẹ́ ti ń pe ọkọ àwọn ní "il professore," ó sì ti ń gùn wọ́n.

Ọjọ́ Ẹtì, 27 oṣù Kẹta. Torino

Ẹgbẹ́ náà gbé ìwé wa jáde ní odidi, tábìlì òtútù àti àṣìṣe mi nínú rẹ̀. Sofia ló jà fún un, ni Chiara wí. Wọ́n ṣì fẹ́ kí Brussels dẹ òfin o. Wọn ò yí ìyẹn padà. Àmọ́ wọn ò béèrè mọ́ pé kí wọ́n fi nọ́ńbà ìwé ka irú ọkọ̀ yẹn. Wọ́n sì fi ohun méjì kún un: kí òfin yòówù tí wọ́n bá ṣe dúró fún ọdún mẹ́wàá, kí owó wà fún kíkọ́ òṣìṣẹ́. Mo ka ìlà méjì yẹn lórí tírámù nọ́ńbà 4, mo kọjá ibi tó yẹ kí n ti sọ̀ kalẹ̀.

Ọdún méjì ni contratto mi tuntun. Mọ́yọ̀ọ̀lá ní, "Solo due?" Mo ní ó tó láti fi bẹ̀rẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 18 oṣù Kẹrin. Bergamo

Padrone Alhaji ní òun ò dúró de ẹnikẹ́ni mọ́. Ó ń rán èèyàn méjìlá lọ kọ́ iṣẹ́ bátìrì, alẹ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀, Alhaji sì wà lára wọn. Wọ́n pè mí pé kí n wá ṣàlàyé iná fún àwọn, olùkọ́ ń sáré jù.

Ọ̀sán la jókòó sídìí tábìlì ìjẹun, ìwé kún ibẹ̀. Mo ṣàlàyé bí a ṣe ń ṣírò agbára iná láti inú iye fólítì àti iye áńpù. Alhaji ń họ irùngbọ̀n. Mo tún un ṣàlàyé. Wọ́n ní, "Ó fẹ́ yé mi." Kò yé wọn.

Alhaja Àwáù, tí wọ́n ti ń gbálẹ̀ ọ́fíìsì ẹlòmíràn fún ọdún mẹ́rìnlá, ń kọjá pẹ̀lú aṣọ tí wọ́n fẹ́ sá. Wọ́n dúró lẹ́yìn wa. Wọ́n gbé aṣọ sórí àga, wọ́n gba pẹ́ńsù lọ́wọ́ ọkọ wọn, wọ́n sì ṣe ìṣirò náà láti òkè dé ilẹ̀. Ó tọ̀nà.

Alhaja ní, "Ṣé wọ́n ń gba obìnrin níbẹ̀?"

Mo ní, "Wọ́n ń gbà, mà. Ilé ẹ̀kọ́ náà ṣí fún ará ìta."

Wọ́n wo Alhaji. Alhaji wo ìwé náà, wọ́n wo ìyàwó wọn, wọ́n fa àga kejì jáde.

"Kọ orúkọ wọn, Bọ́ládé," ni Alhaji wí. "Kọ ọ́ gàgàrà, kí olùkọ́ yẹn rí i."